Ọgbà gúúsù tó kúrú àbí ọgbà àríwá tó gùn? Ẹ bá mi wò ó kí n tó sanwó

Ewéko_Tútù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé tuntun la fẹ́ rà. Wọn ò tíì fi bíríkì kankan lélẹ̀, pílánù nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Ilẹ̀ náà wà ní dígírì 52 sí àríwá agbedeméjì ayé. Púlọ́ọ̀tì mẹ́ta ló kù, irú ilé kan náà ni wọ́n sì máa kọ́ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, etí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 5, góńgó òrùlé ga ní mítà 8, láti ògiri iwájú dé ògiri ẹ̀yìn jẹ́ mítà 8.

Púlọ́ọ̀tì kìíní: ọgbà wà lẹ́yìn ilé ní ìhà gúúsù, gígùn rẹ̀ mítà 8. Ní ìkọjá fẹ́ǹsì, ilé gíga kan ń bọ̀ níbẹ̀, mítà 11, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó mítà 30, mítà 4 péré ló sì máa fi jìnnà sí fẹ́ǹsì wa. Owó púlọ́ọ̀tì yìí ga ju ti àwọn yòókù lọ nítorí "ọgbà gúúsù".

Púlọ́ọ̀tì kejì: ọgbà wà ní ìhà àríwá, gígùn rẹ̀ mítà 16, ọgbà àwọn ẹlòmíì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Púlọ́ọ̀tì kẹta: ọgbà wà ní ìwọ̀-oòrùn, mítà 10 ní gígùn, mítà 9 ní fífẹ̀. Gáráàjì tó ga ní mítà 3.6 wà ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù ọgbà náà.

A fẹ́ gbin tòmátò, ata àti ewébẹ̀, a fẹ́ ibi tí a ti máa jókòó nírọ̀lẹ́, a sì fẹ́ ibi tí aṣọ ti máa gbẹ. Gbogbo ẹni tí a bi ló ní ká mú gúúsù, ká má wẹ̀yìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Olùwọ̀n:

"Gúúsù ló dáa jù" kì í ṣe irọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ ń rò pé kò sí nǹkan kan láàárín ọgbà àti oòrùn. Nínú ẹsíteètì tuntun tí wọ́n ti há ilé mọ́ra, nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù tó bá ní "tan" (bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣírò igun) ti tó.

Àkọ́kọ́, bí oòrùn ṣe ga tó lójú ọ̀run ní ọ̀sán gangan. Ẹ yọ 52 kúrò nínú 90, ó ku 38. Ìyẹn ni ti nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fi 23.4 kún un, ẹ rí 61.4 fún ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà. Ẹ yọ 23.4 kúrò nínú 38 yẹn, ẹ rí 14.6 fún ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. (Oòrùn kàntàrí tí à ń sọ, ẹ gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀. Kò fìgbà kan dé àtàrí ẹnikẹ́ni.) Tí ẹ bá fi tan igun yìí pín gíga ilé tàbí fẹ́ǹsì, gígùn òjìji rẹ̀ lẹ rí yẹn. Kí ẹ má baà máa pín un lójoojúmọ́, ní dígírì 52 òjìji ọ̀sán jẹ́ ìlọ́po 0.55 gíga nǹkan ní oṣù Kẹfà, ìlọ́po 1.28 ní oṣù Kẹta, ìlọ́po 3.84 ní oṣù Kejìlá.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọjọ́ náà wà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù, ó sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: lọ́jọ́ yẹn, orí òjìji máa ń rìn lórí ìlà tó tọ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, kò ní yà sí àríwá tàbí gúúsù. Nítorí náà, bí ògiri bá nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ibi tí òjìji rẹ̀ dé lọ́sàn-án náà ló máa dúró sí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìṣirò kan ṣoṣo, ó ti kárí gbogbo ọjọ́.

Ó yá, púlọ́ọ̀tì kìíní. Ilé mítà 11, lọ́nà 1.28, jẹ́ mítà 14.1. Mítà 4 lọ sí fẹ́ǹsì, mítà 8 bo ọgbà tán, mítà 2 tó ṣẹ́ kù ń gun ògiri yín dé nǹkan bí mítà 1.6. Ọgbà gúúsù tí wọ́n fi owó lé, kò ní í rí oòrùn ọ̀sán lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹta. Tí kò bá sí ilé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn lè yọjú láti eteetí ilé gíga náà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó kọjá, àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyẹn sì ni pé kí ọgbà yín wà ní ọ̀gangan àárín ilé náà. Kí oòrùn ọ̀sán tó lè dé ìdajì ọgbà, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ó sì máa tún padà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kẹfà gan-an, òjìji náà jẹ́ mítà 6, mítà 2 nínú ọgbà ló máa bò. Oṣù mẹ́ta péré lẹ ń san owó náà fún.

Púlọ́ọ̀tì kejì. Níhìn-ín, ilé yín fúnra rẹ̀ ló ń dá òjìji sí ọgbà, ẹ sì ní láti ṣírò etí òrùlé àti góńgó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Góńgó ga ju etí lọ, àmọ́ ó fi mítà 4 jìnnà sẹ́yìn, torí náà ẹ yọ mítà 4 kúrò nínú òjìji rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, etí òrùlé: 5 lọ́nà 1.28 jẹ́ mítà 6.4. Góńgó: 8 lọ́nà 1.28 jẹ́ 10.2, yọ 4, ó ku 6.2. Etí ló borí, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Mítà 6.4 lókùnkùn, mítà 9.6 nínú oòrùn. Ní oṣù Kẹfà, mítà 2.7 péré ni ibòji náà. Ní oṣù Kejìlá góńgó ló gba ipò: 30.7 yọ 4, mítà 26.7, gbogbo ọgbà ti lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ẹ má retí oòrùn ọ̀sán nínú ọgbà yẹn rárá. Àmọ́ ta ló ń gbin tòmátò ní oṣù Kejìlá?

Àṣírí kékeré: tí oòrùn bá ga ju dídagun òrùlé lọ, etí òrùlé ni kí ẹ ṣírò. Tó bá rẹlẹ̀ jù ú, góńgó ni.

Púlọ́ọ̀tì kẹta, gáráàjì 3.6 lọ́nà 1.28 jẹ́ mítà 4.6 nínú mítà 9. Ìdajì fífẹ̀ ọgbà lọ, ní gbogbo ọjọ́, níbi tí gáráàjì bá nà dé. Ìdajì kejì máa rí oòrùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, torí òwúrọ̀ jẹ́ ti òjìji ilé.

Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, kejì ni màá mú ju kìíní lọ. Ẹ̀kẹta ṣì ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́lé sọ̀rọ̀.

Bíríkìlà_Àgbà:

Ọ̀gá Olùwọ̀n ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo fẹ́ fi kún un ohun tí ìwé àfihàn àwọn akọ́lé-tà kì í sọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: nígbà tí ẹ̀yin ń sọ pé ilé "kọjú sí gúúsù", iwájú ilé ni àbí ẹ̀yìnkùlé? Ọ̀rọ̀ yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ilé tó kọjú sí gúúsù, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wà ní àríwá. Ẹ béèrè dígírì, ẹ má gba orúkọ ìhà nìkan. Ẹnìkan lè pe 215 ní gúúsù, ẹlòmíì á pe 150 ní gúúsù bákan náà, dígírì 65 ló sì wà láàárín méjèèjì: ọ̀kan ní oòrùn ìrọ̀lẹ́, ìkejì ní ti àárọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, pílánù inú ìwé àfihàn lè jẹ́ òdì-kejì ti púlọ́ọ̀tì yín, bí ìgbà tí èèyàn wo ara rẹ̀ nínú díńgí. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n gáráàjì tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sí òsì. Ó sì lè jẹ́ pé orí ìwé náà kì í ṣe àríwá. Ẹ wá ọfà àríwá nínú àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé àwòrán náà lé máàpù sátẹ́láìtì tí orí rẹ̀ jẹ́ àríwá, kí ojú títì bá ojú títì mu.

Àwọn ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè jẹ́ márùn-ún. Àwòrán gbogbo ilẹ̀. Àwòrán gíga ilẹ̀, tó máa sọ bí ilẹ̀pá (ilẹ̀ẹ́lẹ̀ inú ilé) kọ̀ọ̀kan ṣe máa ga tó. Àwòrán fẹ́ǹsì àti ògiri ààlà. Àwòrán igi àti koríko tí wọ́n máa gbìn. Ìwé ìpele ìkọ́lé, tó máa sọ ohun tó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣófo lónìí. Ìkẹta nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti fún èèyàn, ìkẹrin ni èèyàn sábà máa ń gbà láì wò.

Òbìrí kékeré aláwọ̀ ewé tó wà nínú àwòrán igi yẹn, ẹ bi wọ́n ní orúkọ igi náà àti bó ṣe máa ga tó bó bá dàgbà. Igi mítà 12 máa dá òjìji mítà 15 ní oṣù Kẹta. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ fún yín, kò ní ga ju yín lọ. Tó bá jẹ́ irú igi tó ń wọ́wé nígbà òtútù, ìyẹn sàn. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀ yípo ọdún ni ìṣòro.

Gíga ilẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Bí ilẹ̀pá ilé aládùúgbò yín tó wà ní gúúsù bá fi mítà 1.2 ga ju tiyín lọ, ẹ fi mítà 1.2 yẹn kún gíga ilé rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò. Ní oṣù Kẹta ó tó mítà kan àbọ̀ òjìji tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín. Ilẹ̀ tó dagun sí àríwá máa ń fa òjìji gùn. Bí ọgbà púlọ́ọ̀tì kejì bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1 nínú mítà 10 kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jìnnà sí ilé, mítà 6.4 yẹn á di 7.3. Tó bá ń gòkè lọ ni, á dín sí 5.7. Ìṣirò rẹ̀: ẹ yọ 0.1 kúrò nínú tan igun oòrùn bí ilẹ̀ bá ń sọ̀, ẹ fi kún un bó bá ń gòkè.

Ní Bírítéènì, ìlànà kan wà tí BRE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́, kọ, nọ́ńbà rẹ̀ ni BR 209. Ó ní ó yẹ kí ìdajì ọgbà, ó kéré tán, rí oòrùn fún wákàtí 2 lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹta. Kò jẹ́ òfin tó de gbogbo ayé, àmọ́ òṣùwọ̀n tó rọrùn láti lò níbikíbi tí láátítúùdù (dígírì tí ibì kan fi jìnnà sí agbedeméjì ayé) bá sún mọ́ tibẹ̀ ni. Ìwé kan náà ní dígírì 25 fún fèrèsé: láti àárín fèrèsé ìsàlẹ̀, bí ilé tó wà níwájú bá ga kọjá ìlà tó gòkè ní dígírì 25, ìmọ́lẹ̀ yàrá náà gba àyẹ̀wò. Ilé mítà 11 tó wà ní mítà 12 sí ògiri púlọ́ọ̀tì kìíní kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, nǹkan bí 38 ni.

Púlọ́ọ̀tì kẹta: ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yí ilé náà sí òdì-kejì kí ìpìlẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Gáráàjì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá, òjìji rẹ̀ á jáde kúrò nínú ọgbà yín. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, páìpù omi ẹ̀gbin tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí wọ́n ti gbà. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó tán.

Ewéko_Tútù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, orí mi wú. Ìbéèrè kan: kọ́ńpáàsì inú fóònù sọ 170 ní ẹnu ọ̀nà, ó sọ 195 nígbà tí a bọ́ sí ẹ̀yìn, lórí ìlà kan náà. Èwo la fẹ́ gbàgbọ́?

Olùwọ̀n:

Ẹ má gba ìkankan nínú méjèèjì gbọ́. Irin ń da kọ́ńpáàsì láàmú: ọkọ̀, irin inú kọnkéré, fẹ́ǹsì onírin tí wọ́n fi yí ibi iṣẹ́ ká, títí kan bàtà iṣẹ́ tó ní irin ní orí ìka. Ẹ dúró jìnnà sí wọn ní mítà 10 ó kéré tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àríwá kọ́ńpáàsì kì í ṣe àríwá gidi, ìyàtọ̀ wọn ń yí láti ibì kan sí ibòmíì. Ẹ wo inú ètò fóònù náà bóyá ó ní ibi tí ẹ ti lè yàn "true north".

Ọ̀pá kò ní dà yín. Ẹ ri ọ̀pá mítà 1 mọ́lẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Ní nǹkan bí wákàtí 2 ṣáájú ọ̀sán, ẹ sàmì sí orí òjìji rẹ̀, kí ẹ fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá, kí ẹ ya òbìrí tó gba ojú àmì yẹn kọjá. Òjìji á kúrú wọ inú òbìrí, lẹ́yìn ọ̀sán á tún gùn jáde. Ẹ sàmì sí ibi tó ti kan òbìrí náà lẹ́ẹ̀kejì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì sí ẹsẹ̀ ọ̀pá, ìlà àríwá sí gúúsù gidi nìyẹn. Kò náni ju oòrùn wákàtí 4 lọ.

Ẹ rántí pé ọ̀sán tí mò ń sọ kì í ṣe aago méjìlá. Níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán oòrùn bọ́ sí nǹkan bí aago kan. Bí ìlú bá sì fi dígírì kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlà tí aago ibẹ̀ dúró lé, ọ̀sán á pẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú 4. Ẹni tó bá lọ wo ilẹ̀ ní aago méjìlá oṣù Keje tó ní òun rí oòrùn ọ̀sán, oòrùn aago mọ́kànlá ló rí.

Ìyá_Ewébẹ̀:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ti fi nọ́ńbà kún gbogbo ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ewéko náà.

Tòmátò àti ata ń fẹ́ wákàtí 6 oòrùn tààrà lóòjọ́, 8 ló sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n á ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé á pọ̀, èso á ṣọ̀wọ́n, á sì pẹ́ kó tó pọ́n. Lẹ́tíìsì àti ẹ̀fọ́ òtútù bíi sípínáàṣì (ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kọ́ o), wákàtí 3 sí 4 tó wọn, kódà ibòji ọ̀sán ń ṣe wọ́n lóore torí oòrùn líle máa ń mú kí lẹ́tíìsì yọ òdòdó kíákíá, kó sì korò. Ewé míńtì ò bìkítà.

Ewéko_Tútù, ọ̀rẹ́ mi, nínú ọgbà púlọ́ọ̀tì kejì, ìsàlẹ̀ ọgbà lọ́hùn-ún ni ìṣúra wà. Fẹ́ǹsì tó wà ní òpin àríwá, ojú rẹ̀ tó kọ sí inú ọgbà yín kọjú sí gúúsù. Oòrùn á máa gbá a láti ìgbà ìrúwé dé ìgbà ìkórè, á gba ooru sára, á sì máa tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni kí ẹ gbin tòmátò sí. Bákan náà ni ibi ìjókòó: ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ òkúta ibẹ̀, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí akọ́lé-tà máa ń tẹ́ ẹ sí. Ẹnu ilẹ̀kùn àríwá, mítà 3 àkọ́kọ́ yẹn, ewédò ló máa hù sórí òkúta náà, ó sì máa ń yọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni oòrùn máa ń yọjú síbẹ̀, láàárọ̀ kùtù àti ní alẹ́, torí ní dígírì 52 oòrùn ń yọ ní àríwá-ìlà-oòrùn ní oṣù Kẹfà, ní dígírì 50, ó sì ń wọ̀ ní 310. Àwọn tó bá ní ọgbà àríwá kì í rí oòrùn rárá ò tíì jókòó síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ìlà aṣọ kò nílò oòrùn tó bí afẹ́fẹ́ ṣe ṣe pàtàkì sí i, torí náà ẹ má fi í du àyè mọ́ tòmátò.

Ẹ bi wọ́n ní fífẹ̀ ọgbà pẹ̀lú. Ọgbà tó tóóró, fẹ́ǹsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń jẹ ẹ́. Ọgbà tó nà láti àríwá sí gúúsù, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí fẹ́ǹsì mítà 1.8 wà lọ́tùn-ún lósì: ní oṣù Kẹta, wákàtí 3 ṣáájú ọ̀sán, fẹ́ǹsì ìlà-oòrùn á bo nǹkan bí mítà 2.9 nínú rẹ̀, wákàtí 3 lẹ́yìn ọ̀sán fẹ́ǹsì kejì á ṣe bẹ́ẹ̀. Tí fẹ́ǹsì bá jẹ́ mítà 1.2, kò ní ju mítà 2 lọ. Ibi tí ẹ ò bá nílò ìpamọ́, ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó kúrú síbẹ̀, tàbí èyí tí igi rẹ̀ ní àlàfo. Ibùsùn ewébẹ̀ tí wọ́n gbé ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 náà ń jà fún yín, torí fẹ́ǹsì mítà 1.8 di 1.2 lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Oòrùn tó pé wákàtí 8 lórí ilẹ̀ tí katakata ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, asán ni. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ri àfọ́kù bíríkì àti símẹ́ǹtì mọ́ abẹ́, wọ́n á wá tẹ́ koríko lé e. Ní ọgbà tó ní ibòji, ọ̀rọ̀ náà burú jù torí omi kì í fà, koríko á jẹrà, ewédò á gbà á. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30 ní jíjìn, 30 ní fífẹ̀. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún pọn ọn kún. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ náà ti há. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì tàbí ẹ̀rọ tú u dé sẹ̀ǹtímítà 30 kí koríko tó dé.

Kàntàrí:

Kí ẹnì kankan má gbé ìmọ̀ràn yìí lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ o. Ìdajì ayé ti gúúsù, ẹ pààrọ̀ àríwá àti gúúsù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sókè, ẹ pààrọ̀ oṣù Kẹfà àti oṣù Kejìlá. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ò yí padà.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín sún mọ́ agbedeméjì ayé, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ pátápátá. Ẹ mú dígírì 7 sí àríwá: ní oṣù Kejìlá oòrùn ọ̀sán wà ní gúúsù, ó ga ní 59.6. Ní oṣù Kẹfà ó ti kọjá sí àríwá, ó ga ní 73.6. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ó kan àtàrí gan-an, òjìji èèyàn á kó sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Etí òrùlé mítà 5 yẹn, òjìji ọ̀sán rẹ̀ ò ju mítà 2.9 lọ sí àríwá, mítà 1.5 sí gúúsù. Ta ló fẹ́ sanwó lé ọgbà gúúsù níbẹ̀? Oòrùn kò wọ́n, ibòji ló wọ́n.

Ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ ṣọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn, ó ga ní nǹkan bí dígírì 30, ó ń wo inú ilé tààrà. Fèrèsé tó ga ní mítà 1.5: ní ìhà gúúsù, òrùlé tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 88 bò ó pátá lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, ní àríwá, 44 tó. Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ nílò mítà 2.6. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ irú ẹ̀. Igi, fàrándà, tàbí ògiri oníhò ló kù. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé tó wà ní ìlà-oòrùn ló tura jù fún ìjókòó ìrọ̀lẹ́: ní aago mẹ́rin, etí òrùlé nìkan ti ju òjìji tó tó mítà 8.7 sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ padà sí dígírì 52. Dígí ńlá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn máa mú yàrá gbóná nírọ̀lẹ́ oṣù Keje, kọ́tìnnì inú ilé ò sì ní ṣe púpọ̀ torí ooru ti wọlé kó tó kan kọ́tìnnì. Ìta ni kí ohun ìbora wà. Dígí gúúsù rọrùn láti dá lẹ́kun: ilẹ̀kùn dígí mítà 2.1, òrùlé kékeré tó yọ síta ní mítà 1.15 bò ó lọ́sàn-án oṣù Kẹfà, síbẹ̀ ó fi oòrùn oṣù Kejìlá sílẹ̀ kó wọlé, ìyẹn ni pé kí oòrùn náà rí ọ̀nà. Ní púlọ́ọ̀tì kìíní, ilé gíga yẹn á dí i. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di àárín oṣù Kẹta, oòrùn ọ̀sán ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn dígí náà rárá.

Ẹ wo òrùlé náà tí ẹ bá ń ronú páńẹ́ẹ̀lì sólà. Òrùlé tó dagun sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ṣì ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti gúúsù wá. Púlọ́ọ̀tì kejì ní gúúsù lórí òrùlé iwájú.

Ewéko_Tútù:

Mo dúpẹ́ gidigidi. A ti yọ ẹ̀kìíní kúrò. Wọ́n ní àwọn lè yí ẹ̀kẹta sí òdì-kejì kí gáráàjì bọ́ sí àríwá. Ṣé ó wá ju ẹ̀kejì lọ báyìí?

Olùwọ̀n:

Fún ìjókòó ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, bí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé fẹ́ǹsì mítà 1.8 ní òpin ìwọ̀-oòrùn máa bo ilẹ̀ mítà 10 yẹn tán tí oòrùn bá sọ̀ kalẹ̀ dé dígírì 10, ìyẹn nǹkan bí wákàtí kan kó tó wọ̀ ní oṣù Kẹta. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, tí ojú rẹ̀ ga ní mítà 1.2, oòrùn ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Fún tòmátò, gúúsù ọgbà náà ni kí ẹ wò: fẹ́ǹsì mítà 1.8 níbẹ̀ jẹ mítà 2.3, ó ku 6.7 nínú fífẹ̀ 9. Oòrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, wákàtí 6 wà níbẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹta àti Kẹsàn-án, 5 ni, bóyá kó má tó. Ẹ̀kejì ní oòrùn àárọ̀ àti ti ọ̀sán ní ìsàlẹ̀ ọgbà, wákàtí rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ewébẹ̀ bá ṣe pàtàkì ju àga lọ, ẹ̀kejì.

Bíríkìlà_Àgbà:

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fi ẹnu gba "a máa yí i". Àwòrán tuntun ni kí wọ́n yà, kí nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì wà lórí rẹ̀, ọfà àríwá, ibi tí gáráàjì wà, gíga ilẹ̀pá àti gíga fẹ́ǹsì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán náà sì wọ inú ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi èèkàn àti okùn sàmì sí ìpìlẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá mítà 1 yẹn dání lọ.